Wákàtí Kan Láàrin Bàrígà àti London

Ojú líle ni Rashidat gbé wọ ṣọ́ọ̀bù Àbdùlsàmàd ní Palmgrove. Ó gbá kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yìí wò ó, ó sì gbàgbé ohun tó ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo mítìnì ọ̀gá mi pẹ̀lú àwọn ará London ló ti fi wákàtí kan yẹ̀. Wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́."

"Ta ló máa lé irú yín?"

"Ẹ tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ fi mí sílẹ̀," ó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Àbdùlsàmàd ṣàlàyé. Aago Èkó kì í kúrò lójú kan, àmọ́ àwọn òyìnbó a máa ti tiwọn síwájú nígbà ooru, wọn a sì dá a padà nígbà òtútù. Ẹni tó bá ń kó ìpàdé wọn sínú kàlẹ́ńdà, orúkọ ìlú ni kó yàn, London, kì í ṣe GMT, aago tí kì í bá wọn sún. Àlàyé náà kò gùn, síbẹ̀ Rashidat ò dìde títí wọ́n fi pèrun àsárì.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti ìyàwó. Bàbá Rashidat ti kú. Àlàájì Mùíz, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní London, ni yóò fi í fọ́kọ níbi yìgì. Wọ́n dá ọjọ́ tí ọkọ ìyàwó yóò wá sí pálọ̀ ìyá Rashidat ní Abúlé Òkúta, kí Àlàájì rí i lórí fídíò. Ìgbà ooru ni, aago London ni wọ́n fẹnu kò sí; Rashidat ló kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà tó fi ránṣẹ́ sí Àbdùlsàmàd.

Nígbà tí Àbdùlsàmàd dé, Àlàájì ti fi odindi wákàtí kan dúró.

"Ẹni tó jẹ́ kí àgbà dúró de òun lónìí á jẹ́ kí ìyàwó dúró de òun lọ́la. Mi ò fọwọ́ sí i."

Àbdùlsàmàd yọjú wo fóònù rẹ̀. GMT ló wà níbẹ̀, kì í ṣe London. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀bi mi ni."

Rashidat bínú sí Àbdùlsàmàd débi pé kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó fẹ́ pa ìpàdé náà rẹ́ nínú kàlẹ́ńdà ló tó rí GMT tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ìkánjú ayọ̀ ti mú kó gbàgbé ẹ̀kọ́ tí Àbdùlsàmàd kọ́ ọ.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ìyá rẹ̀ kìlọ̀. "Àlàájì á ní o ò ka àwọn sí. Wọn ò ní dá sí yìgì ẹ mọ́ láéláé."

Síbẹ̀ Rashidat ránṣẹ́ pe Àbdùlsàmàd wá sílé, ó sì pe Àlàájì lórí fídíò ní London.

"Bàbá, èmi ni mo kọ aago yẹn. Èmi ni mo ṣì í."

"Ṣé ọmọkùnrin yẹn mọ̀?" Àlàájì béèrè.

"Ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Gbé fóònù fún un." Ojú Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. "O parọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mi ò fẹ́ kí ẹ bínú sí i."

"Ìjọ́ mìíràn tó bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì la ó jọ kúnlẹ̀, sà."

Àlàájì mí kanlẹ̀. "Ẹ mú ọjọ́ yìgì. Mi ò ní fi fóònù fa ọmọ àbúrò mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mò ń bọ̀ wálé."

Rashidat bú sẹ́kún. Àbdùlsàmàd ìbá nu omijé náà fún un, ṣùgbọ́n ìyá Rashidat jókòó láàrin wọn. Ọmọkùnrin náà rọra ti áńkáṣíìfù rẹ̀ sórí tábìlì, ìyá sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọmọ rẹ̀.