Ìṣubú Gbajúmọ̀ Lórí Pèpéle

Pàtẹ́wọ́ ni wọ́n fi gba Gbajúmọ̀ nígbà tó já láti òkè ilé pákó tí wọ́n kàn sórí pèpéle. Ọrùn ló fi balẹ̀. Àwọn òǹwòran rò pé eré ni. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó jókòó níwájú pàápàá rò bẹ́ẹ̀, ẹnu sì yà á. Látàárọ̀ tí ọkùnrin náà ti ń pariwo, èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe tó jọ òótọ́.

Obìnrin náà kò kúkú fẹ́ wá. Àbúrò rẹ̀ ló wọ́ ọ wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín wo? Yàrá tóóró lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, àga oníke tí ń ké bí èèyàn bá mí, aṣọ ìkélé tó ti gbó kanlẹ̀. Ibẹ̀ há débi pé itọ́ àwọn òṣèré ń ta sí i lójú. Gbajúmọ̀ ló ṣe ọba, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kan sórí. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìránnilétí jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ohun tó máa wí, ìgbà tó máa jókòó, ìgbà tó máa fara ti nǹkan. Ọba ń tẹ̀ lé e bí ayékòótọ́.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ lábẹ́ adé, pàtẹ́wọ́ dákẹ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má jáde," Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní, ó ti dé orí pèpéle, ó ti rí i pé ọkùnrin náà ti kú. "Àbúrò mi, pe téṣàn."

Ó gun òkè ilé pákó náà. Igi ìfaratì tó yí i ká ti ṣí lápá kan. Igi kò dá, kò sán. Ihò tó yẹ kí nọ́ọ̀tì wà ló ṣófo. Wọ́n tú u ni. Bẹ́ẹ̀ ní apá kìíní eré, ìyàwó Gbajúmọ̀ tó ṣe olorì fi gbogbo ara lé igi yìí kan náà, ó sunkún àsunwúkọ́, igi ò mì. A jẹ́ pé àkókò ìsinmi ni wọ́n tú u.

Ó pe Káfíńtà tó kan ilé pákó náà.

"Ọ̀gá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo dè é pinpin. Sípánà mi gan-an, mi ò rí i mọ́ látàárọ̀. Àárín yín ni mo sì wà."

"Òótọ́ ni," àbúrò Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dáhùn. "Èjìká mi ló fi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà ìsinmi gan-an, ó ń hanrun."

Ó kan Arọ́pò, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọba, tó ń retí ọjọ́ tí ọba ò ní lè dìde. Inú àpò kóòtù rẹ̀ ni wọ́n ti rí nọ́ọ̀tì. Ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.

"Màdáámù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbàdúrà kí àìsàn gbé e dè!"

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ó dáa, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pa á."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pòṣé. Ọwọ́ ọmọkùnrin yìí lòun fúnra rẹ̀ ti ra ohun mímu nígbà ìsinmi. Èrò bò ó mọ́ ìdí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kóòtù wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn pèpéle, níbi tí ọwọ́ mìíràn lè dé.

Ó ku ìyàwó. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ìsinmi bú ara wọn nínú yàrá ìmúra. Gbogbo ilé ló gbọ́. Ó tiẹ̀ dùn ju eré lọ.

"Ìyá, níbi tó ti ṣubú yẹn, kí ló yẹ kó ṣe?"

"Ó yẹ kó kúnlẹ̀," obìnrin náà ní, ojú rẹ̀ gbẹ. "Kò sóhun tó gbé e débi igi yẹn. Kò débẹ̀ rí."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yíjú sí aṣọ ìkélé.

"Bàbá, ẹ jáde."

Arúgbó náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Àga mi ò jìnnà sí tiyín. Mo gbọ́ yín. 'Sún sẹ́yìn, fara tì í.' Mo rò pé eré ló wí bẹ́ẹ̀."

"Etí yín ló tàn yín."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó gbé tìmùtìmù orí àga Bàbá. Sípánà ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

"Háà! Sípánà mi!" Káfíńtà kígbe.

"Ẹ tú nọ́ọ̀tì nígbà tí tọkọtaya ń bú ara wọn. Ẹ jù ú sápò Arọ́pò. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síjòókòó, ẹ fi ẹnu ti ọkùnrin náà ṣubú. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ní kó fò, á fò."

Bàbá na ẹ̀yìn ró. Ó rìn bọ́ sábẹ́ iná, ó gbójú sókè.

"Èmi ni mo dá ilé eré yìí sílẹ̀! Èmi ni mo kọ́ òmùgọ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń lanu! Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, òun ni wọ́n ń yìn. Lánàá, ó ní kí n máa lọ sílé, pé òun ti ra ẹ̀rọ kékeré tí òun máa kì bọ etí, tí á máa rán òun létí ọ̀rọ̀. Níwájú gbogbo wọn! Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín."

"Arọ́pò ńkọ́? Kí ló fi ṣe yín?"

"Òun lẹ̀rín rẹ̀ pẹ́ jù."

Ó kọjú sí àwọn òǹwòran, ó ń wò wọ́n. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti rí apànìyàn tí ebi sọ dà, ó ti rí ọ̀mùtí, ó ti rí ojo. Kò tíì rí èyí tó ń dúró de pàtẹ́wọ́.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Ẹ ń dójú ti ara yín."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un lọ tán, Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yíjú padà, ó ń retí kí opó bẹ̀rẹ̀ ẹkún olorì. Obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀, orí òkú wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi etí aṣọ nu àtíkè ọba kúrò lójú ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Kì í fẹ́ fi í sùn," ó ní, láìgbójú sókè. "Ó máa ń yún un."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ bu omi wá fún un.