Ohun Tí Maricar Yọ Kúrò

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi na owó ọkọ̀ síwájú," ni Maricar wí fún ìyá arúgbó tó jókòó tì í. Ìyá náà na owó sí ọkùnrin tó tẹ̀ lé e, owó náà sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kan Mang Delfin nídìí ìwakọ̀. Mang Delfin kò wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan gba owó, ó fi ọwọ́ kejì yí ọkọ̀ gba kọ́nà òkè Antipolo, ó sì ń bá Divina ọmọ rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe àwàdà lọ.

Àwa tí à ń gbé lórí òkè yìí, jíípínì, ọkọ̀ èrò gígùn tí à ń ti ẹ̀yìn wọ̀, ni ẹsẹ̀ wa. Pupa ni ti Mang Delfin. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, Divina àti Noel, gàdàgbà sí iwájú orí ọkọ̀ náà àti sí òkè ẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọn awakọ̀ wa ti máa ń ṣe. Bí a bá rí i lókèèrè, a ó ní, "Divina àti Noel ń bọ̀," a ó sì gbé ẹrù wa sọ́wọ́.

Oṣù náà kò rọrùn fún un rárá. Ìjọba ti pàṣẹ pé jíípínì àtijọ́ tí kò bá wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Ẹgbẹ́ yóò ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ní ìparí oṣù, wọn kò sì ní gba awakọ̀ tí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀. Kíláàsì kan náà ni Divina àti Maricar wà, Divina sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bí wọ́n bá ti lè gba bàbá mi wọlé báyìí, wàhálà parí," ni Divina wí. "Bí wọn ò bá gbà á, irin lásán ni ọkọ̀ yẹn."

Maricar ní búlọ́ọ̀gì kan tó ń fi orúkọ ìnagijẹ kọ, Divina pàápàá kò sì mọ̀ pé òun ló ni ín. Wàhálà àárọ̀ wa ló ń kọ síbẹ̀: ìlà gígùn níbùdókọ̀, ọkùnrin tó máa ń sùn lé ẹni ẹlẹ́ni léjìká, obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín lójú fèrèsé ọkọ̀. Èmi náà máa ń kà á láìmọ ẹni tó ń kọ ọ́, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwa tó ń kà á kò pọ̀. Jepoy, ọmọ kíláàsì wọn, ní búlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lórí géèmù fóònù, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀.

"Ta ló tiẹ̀ ń ka tìẹ gan-an?" ni Jepoy bi í lọ́jọ́ kan. "Ìwọ àti màmá ẹ."

"Màmá mi gan-an kì í kà á parí," ni Maricar dáhùn. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìjì líle dé. Ilé ìwé tú ká lọ́sàn-án, àgbàrá ti bo títì, ọ̀pọ̀ jíípínì sì ti gba ilé lọ. Mang Delfin náà ti gbé Divina délé kó tó gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì wà nísàlẹ̀ òkè nínú òjò. Ló bá yí ọkọ̀ padà. Kò pẹ́ tí inú ọkọ̀ fi kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọkùnrin tí kò ráàyè ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó kọ̀, nítorí òfin kò gbà á. Nígbà tó rí i pé omi ti ń kan orúnkún wọn, ó ní kí wọ́n dì í mú dáadáa, ó sì rọra ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó tí Maricar nà síwájú, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n nà án padà fún un.

Maricar sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà ilé wọn. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, ó jókòó kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Awakọ̀ Tó Padà Wá Nínú Òjò." Jepoy ti fún un ní áàpù kan tó máa ń fún àkọlé ní máàkì, kí èèyàn lè mọ èyí tí yóò fa èrò. Áàpù náà fún un ní máàkì tí kò tó nǹkan. Ó pe Jepoy, Jepoy sì ní ohun tó ń bí èèyàn nínú ni èèyàn ń kà, kò sẹ́ni tó ráàyè ìtàn awakọ̀ dáadáa. Maricar bá yí i padà: "Awakọ̀ Kan Sá Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé Sẹ́yìn Ọkọ̀ Bí Ẹni Sá Aṣọ." Máàkì náà fò sókè.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ kò bá àkọlé mu mọ́. Ó yọ àgbàrá kúrò. Ó yọ ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin náà ti délé kó tó padà wá kúrò. Nígbà tó kan owó tí wọ́n nà padà, ó dúró díẹ̀, ó rántí Divina, ó sì yọ ìyẹn náà. Kó má bàa kó bá ẹnikẹ́ni, ó gbé fọ́tò náà sínú áàpù mìíràn tó máa ń bo ojú èèyàn àti nọ́ńbà ọkọ̀. Áàpù náà bo ojú àti nọ́ńbà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọkàn Maricar balẹ̀, ó gbé e jáde.

Kí ilé ìwé tó tún wọlé, èrò ti ya bo búlọ́ọ̀gì náà. Àwọn tí kò dé òkè wa rí ń bú awakọ̀, wọ́n ń pín fọ́tò kiri. Àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ kọ ọ́ pé òjò ló fà á, èébú ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Jepoy ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín fún Maricar láti bá a yọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nígbà tí Divina wọlé, tó na fóònù sí i, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

Maricar tún fọ́tò náà wò. Áàpù ti bo nọ́ńbà, àmọ́ lókè orí àwọn ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọkọ̀, orúkọ náà hàn gbangba: Divina àti Noel. Ta ló ń fi nọ́ńbà dá jíípínì mọ̀ nílùú wa? Áàpù kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ òkè Antipolo mọ̀ ọ́n.

"Ta ni bàbá mi ṣẹ̀?" ni Divina wí, ó sì sunkún lé Maricar léjìká. Maricar ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gba láísẹ́ǹsì Mang Delfin, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní bí ẹni tó ya fọ́tò náà bá lè wá fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe rí, àwọn yóò fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Divina sọ èyí fún Maricar pẹ̀lú ìrètí, ó ní kó bá òun wá ẹni náà. Maricar ní òun á wá a. Nílé, ó pa ìtàn náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun yóò lọ, lójoojúmọ́ ni ìtìjú ń dá a dúró. Ó ń bẹ̀rù ojú Divina ju ojú òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Nígbà tí kò lè jẹun mọ́, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, Aling Fe. Ìyá náà kò pariwo. Ó wọ bàtà, ó ní, "Dìde, ká lọ." Ọ̀gá ọ́fíìsì gbọ́ tẹnu Maricar, ó sì dá láísẹ́ǹsì padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n oṣù ti parí, ẹgbẹ́ ti ti ilẹ̀kùn. Mang Delfin lọ bẹ̀ wọ́n, àwa aládùúgbò náà bá a lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ra ọkọ̀ náà. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá fà á lọ, mi ò sì lè wo ojú Mang Delfin. Ó pinnu láti kó ìdílé rẹ̀ padà sí Samar, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pẹja.

Wọ́n ń di ẹrù lọ́wọ́ ni Maricar àti ìyá rẹ̀ dé. Maricar kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ló ń wí. "Mo rò pé wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Mang Delfin fà á lọ́wọ́ sókè. "Dìde, ọmọ mi," ló wí, ó sì padà sídìí okùn tó ń so.

Divina ni kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Mo sunkún lé ẹ léjìká," ló wí, láìpariwo. "Mo ní kó o bá mi wá ẹni yẹn. O sì ní o máa wá a."

"Divina, mo bẹ̀ ẹ́."

"Mo ka ohun tó o kọ, mo tún un kà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bàbá mi nìkan lo yọ kúrò."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì wọlé. Wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì, Divina kò sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i títí di òní.

Maricar ti kọ ìtàn náà ní odindi, ó fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an sí i. Àwa díẹ̀ tí à ń kà á tẹ́lẹ̀ la kà á. Àwọn tó bú Mang Delfin ti wá ẹlòmíràn bú.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọmọlúàbí tó mọ̀ wá ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí kò mọ̀ wá, tó ń kàwé lórí fóònù níbi tó jìnnà, àbọ̀ tí a bá fún un náà ni yóò gbé sáré. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ nǹkan sójú ayé, kì í ṣe irọ́ nìkan ló ń ba èèyàn jẹ́. Òótọ́ tí a gé kù náà ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè lọ tún un ṣe lọ́jọ́ tí àtúnṣe ṣì wúlò, nítorí ìdárijì tí Maricar ń wá kò lè gbé ọkọ̀ ẹnikẹ́ni padà sójú títì.