Veripuami Lọ Ra Abẹ́rẹ́

Veripuami ni ọmọ-ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àbúrò bàbá rẹ̀ ń gbéyàwó. Èmi ni mo máa fi orin mú ìyàwó wọlé. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ìyàwó ò lè wọlé.

Mo wọ aṣọ ńlá ti àwa obìnrin ẹ̀yà Hẹrẹ́rò. Ó fẹ̀ bí àgọ́. Mo wé gèlè oníwo méjì, bí orí màlúù.

"Ìyá àgbà, ẹ mà dára o!" ni Veripuami wí.

"Mo mọ̀!" ni mo wí.

Ẹni tó bá wọ aṣọ yìí kì í sáré. Bíi màlúù tó ti yó la máa ń rìn. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́.

Àmọ́ ewúrẹ́ kan gbé búrẹ́dì mi!

Mo gbàgbé ara mi. Mo sáré tẹ̀ lé e. Gbì! Gbì! Gbì! Mo tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀.

Fààààà!

Aṣọ ya láti ìbàdí dé ilẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi nídìí. Ewúrẹ́ dúró, ó ń wò mí.

"Ìyá àgbà, mo rí yẹ̀rì yín! Mẹ́ta ni!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre! Bá mi mú abẹ́rẹ́ wá."

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílé. Mo bọ́ aṣọ. Mo fi gbogbo agbára ti abẹ́rẹ́ náà bọ inú rẹ̀.

Káṣ! Ó kán.

Abẹ́rẹ́ ò ju ìka ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èèyàn bá nílò rẹ̀, ogún màlúù ò lè rọ́pò rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Màdáámù Lín ló wà nítòsí. Òkè òkun ló ti wá. Kò tíì gbọ́ èdè wa. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò sì gbọ́ ju "báì-báì" lọ.

"Èmi gbọ́ ọ," ni Veripuami wí. "Tíṣà ti kọ́ wa. 'Áì níìdì' ni 'mo nílò'. 'Níídù' ni abẹ́rẹ́."

"Ó yá, gba owó yìí, sáré! Ìwọ ò wọ aṣọ ńlá."

Veripuami sáré. Pá-pá-pá! "Áì níìdì ẹ níídù. Áì níìdì ẹ níídù."

Ajá kan gbó. "Áì níìdì ẹ níídù!" ni Veripuami fi dá a lóhùn.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Màdáámù Lín rẹ́rìn-ín sí i.

"Áì níìdì ẹ… ẹ… ẹ…"

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà ti sá lọ!

Màdáámù Lín gbé òwú sókè. "Nóò," ni Veripuami wí.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sókè. "Nóò."

Ó gbé bọ́tìnì sókè. "Nóò, nóò, nóò!"

Ṣé Veripuami sunkún? Rárá o! Ọmọ-ọmọ mi kọ́ nìyẹn.

Ó gbé ìka méjì sókè. Ó ń fi wọ́n rán afẹ́fẹ́. Wọlé, jáde. Wọlé, jáde. Ó ṣe bí ẹni pé nǹkan gún un. "Yéè!" Ó ti ìka bọ ẹnu.

Màdáámù Lín bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí kékeré kan. "Níídù!"

"Níídù!" Veripuami kígbe. "Áì níìdì ẹ níídù!"

Ó sanwó. Ó sáré délé.

Mo jókòó sí yàrá pẹ̀lú yẹ̀rì mẹ́ta nìkan lára. Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Gbà-gbà-gbà!

"Màmá, ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà o!"

"Ẹ ní kó dúró díẹ̀!"

Veripuami ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ojú tèmi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rán aṣọ kíákíá. Ibi tí mo rán wọ́, ṣùgbọ́n kò tú.

Mo jáde. Mo gbé orin. Gbogbo ilé gbè é, ìyàwó sì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ohùn Veripuami ló ròkè jù.