Ohun Tí Ràhmát Kò Lè Sọ Lọ́jọ́ Wólímọ̀

"Ràhmát! Ràhmát Mọ́rúfù! Ìwọ ló kàn!"

Ohùn Àáfáà Quadri ló ń jáde nínú máìkì níwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Lákòwé, níbi wólímọ̀ àwọn ọmọ tó parí ẹ̀kọ́ kéwú, lọ́jọ́ Àìkú kan. Gbogbo ojú lábẹ́ kánọ́pì ló yí sọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Bàbá rẹ̀ wà níwájú pátápátá. Onítáìsì ni Mọ́rúfù, òun ló lẹ ilẹ̀ ilé olówó bíi mélòó kan lágbègbè náà, àmọ́ àìsàn kíndìnrín ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó. Nítorí tiẹ̀ ni Àáfáà ṣe tètè ṣe wólímọ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Mọ́rúfù ní ohun kan ṣoṣo lòun ń tọrọ kí ọlọ́jọ́ tó dé: kóun fetí ara òun gbọ́ bí ọmọ òun ṣe ń ka Kùránì.

Àṣé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí Ràhmát ṣe wọ aṣọ funfun rẹ̀ tán láàárọ̀ ló rí nǹkan oṣù. Yéè! Kò sì sí ọmọ ilé kéwú wọn tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan Kùránì, kì í sì í kà á títí á fi mọ́. Ó sáré bá ìyá bàbá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ní ilé ìdáná.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Àáfáà."

"Kí n sọ kí ni?" Ìyá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn ni kí n máa sọ fún ọkùnrin? Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ rí i ni mo ti sọ fún ẹ pé ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, bàbá ẹ pàápàá. Panu mọ́, kó o lọ kà á!"

"Ọlọ́run ń kọ́, Ìyá àgbà?"

"Mo ní panu mọ́!"

Ó wá dúró níwájú èrò. Wọ́n ti ṣí Kùránì sílẹ̀ dè é.

"Bísímílà, ọmọ mi," Àáfáà wí.

Ibi tó fẹ́ kà yẹn, ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run ò jẹ́ kó nawọ́, ìtìjú ò sì jẹ́ kó lanu. Kó sọ ọ́ kí Àáfáà gbọ́? Kí máìkì gbé e? Irọ́ ló yá a lára ju òótọ́ lọ.

"Ẹ má bínú, Àáfáà. Mo ti gbàgbé."

"O gbàgbé kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan pòṣé: "Ọdún mẹ́fà nílé kéwú!" Bàbá rẹ̀ ò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú, ì bá sàn. Ó kàn tẹrí ba, ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sílé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí Ràhmát ṣe ń fún bàbá rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, bàbá náà wo ojú rẹ̀.

"Ràhmát, kí ló ṣe ẹ́ gan-an?"

Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Mikail, àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mo gbàgbé ni, Bàbá."

Lọ́kàn rẹ̀, ó ní tó bá di Àlàmísì, òun á ti mọ́. Òun á wẹ̀, òun á jókòó tì í, òun á kà á fún un látòkè délẹ̀.

Ọ̀sán Àlàrúbà ni Mọ́rúfù kú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí Ìyá Habeeb, ìyàwó Àáfáà, wá kí wọn, ó fa Ràhmát mọ́ra. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà sunkún sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà káwọ́ lérí.

"Háà, Ràhmát! Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn lọ́jọ́ wólímọ̀ tèmi. Mo sọ fún bàbá mi, wọ́n sì sún tèmi sí ọ̀sẹ̀ kejì. Pé o kọ̀ láti fọwọ́ kan án, ṣebí ìyẹn gan-an ló fi hàn pé o kàwé! Inú bàbá ẹ ì bá dùn."

Ìyá àgbà gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò lè gbójú sókè.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Mùínàt, àbúrò Ràhmát, rí nǹkan oṣù tiẹ̀. Ó fẹ́ lọ sá pamọ́. Ràhmát dì í lọ́wọ́ mú, ó sọ ọ́ síta lójú Mikail: "Nǹkan oṣù ni Mùínàt ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra páàdì bọ̀." Mikail ní ó dáa, ó sì lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ! Ràhmát wọlé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan oṣù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara obìnrin ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Ràhmát fi dákẹ́, bàbá rẹ̀ sì gbé e lọ́kàn lọ sí sàréè pé ọmọ òun ò mọ nǹkan kan.