Ohùn Tí Ó Fi Pamọ́ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùùrù

Kò rọrùn kí ọ̀gá iléèwé tó gbà. Olùkọ́ orin bẹ̀ ẹ́ títí; ó ṣàlàyé pé iléèwé ọmọbìnrin náà lè ní ẹgbẹ́ akọrin bí àwọn bàbá àti alágbàtọ́ bá wá fi ohùn ọkùnrin ti àwọn ọmọ lẹ́yìn. Níkẹyìn, ọ̀gá ní: "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ohùn kò bá pé kí sáà yìí tó parí, mo máa gba gbọ̀ngàn tí ẹ ó máa lò padà."

Ìlànà kan ni olùkọ́ ní. Bí ó bá ń dán ohùn wò, yóò kẹ̀yìn sí akọrin, kí ojú má baà tan etí jẹ.

Ohùn ọkùnrin náà wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé: ó ń kun orin jẹ́jẹ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ gbàgbé ìlànà rẹ̀, ó yíjú. Ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì ni ó rí, tí ó fi báàgì ọmọdé pupa kọ́ ọrùn.

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ mi ni mo ń fi orin pè."

"Bí ẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn? Báwo wá ni ẹ ṣe ń pe ìyàwó?"

"N kò tíì rí ẹni tí mo máa pè, mà."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ti di olóògbé ni ọmọ náà. Òun ni ó ń tọ́ ọ.

"Ṣé báàsì olóhùn ìsàlẹ̀ ni yín, àbí tẹ́nọ̀ olóhùn òkè?"

Ó wo ìjókòó àwọn báàsì, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù tí olùkọ́ ń tẹ̀. "Báàsì," ni ó yára dáhùn. Olùkọ́ sì gbà, nítorí ojú rẹ̀ ni ó ń wò, kì í ṣe ohùn rẹ̀.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánrawò, ọkùnrin náà a máa bá olùkọ́ to àga. Ọmọ náà, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, a máa kọrin yí wọn ká. Ọkùnrin náà ń pe olùkọ́ ní "Tíṣà mi". Olùkọ́ ń pè é ní "Báàsì mi".

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, ìyá olùkọ́ kọ̀ jálẹ̀. "O fẹ́ lọ́kọ, o tún fẹ́ ru ẹrù ẹlẹ́rù?"

Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń dúró láàárín ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò la ẹnu.

"Tíṣà mi," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ mọ ẹni tí n kò lè fi sílẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ fi í sílẹ̀?"

Sáà ń parí lọ, kò sì sí tẹ́nọ̀ kankan. Olùkọ́ bẹ ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti darí akọrin rí, pé kí ó wá bá òun tẹ́tí. Ìyá kẹ̀yìn sí wọn gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Àwọn ọkùnrin ń kọ orin lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dúró! Ẹni yìí kì í ṣe báàsì. Tẹ́nọ̀ gidi ni, ó kàn ń fi agídí rẹ ohùn sílẹ̀. Kí ló dé, ìwọ ọkùnrin yìí?"

"Ìjókòó àwọn tẹ́nọ̀ ló jìnnà sí dùùrù, mà."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bojú. Ìyá yíjú, ó rí i pé ọkùnrin tí òun kọ̀ ni, ojú rẹ̀ le.

"Ẹni tó fi ohùn pamọ́, kí ni kò lè fi pamọ́?"

"Ohùn nìkan ni, mà. Ọjọ́ tí mo pàdé ọmọ yín, báàgì ọmọ mi ló wà lọ́rùn mi."

Ìyá nawọ́ sí ìjókòó àwọn tẹ́nọ̀. "Bọ́ sí àyè rẹ, kí o kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Ó lọ sí ìkángun gbọ̀ngàn, ó sì kọ ọ́. Ohùn náà ga, ó sì tutù. Nígbà tí ó parí, ìyá nu ojú. "Mo gbà. Ẹ fẹ́ ara yín."

"Ẹ ti wá jìnnà sí mi, Báàsì mi," ni olùkọ́ wí.

"Tíṣà mi, ẹ ṣáà kẹ̀yìn, ẹ ó gbọ́ mi."

Gbogbo ẹgbẹ́ gbé orin. Ìyá wo ìlà iwájú, ó rí ọmọdébìnrin kan, báàgì pupa lọ́rùn rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

Olùkọ́ ti rí ọkọ; ọ̀gá iléèwé ti rí tẹ́nọ̀. Ìyá olùkọ́ jẹ ọmọ náà ní ẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ "ẹrù ẹlẹ́rù" yẹn, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a bẹ̀ ẹ́.