Jẹ́jẹ́, Lajú!

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé.

Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gan-an kì í mọ̀ pé ẹnì kan ṣí òun.

Onífọ́tò ni bàbá Jẹ́jẹ́. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀. Aṣọ funfun kan fẹ̀ sára ògiri. Agboòrùn ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò rí oòrùn rí, tí kò sì rí òjò rí. Iná kámẹ́rà ni Bàbá gbé e dúró fún.

Lọ́jọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ ti ilé-ìwé dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ń ká aṣọ lọ́wọ́.

"Jẹ́jẹ́ mi, kí ló dé? Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́?"

"Wọ́n ti gba ìkọ́ mi," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ìkọ́ náà fún yín.

Ní kíláàsì Jẹ́jẹ́, ìkọ́ wà lára ògiri. Ọmọ kan, ìkọ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi báàgì kọ́.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní kí kálukú mú fọ́tò ojú ẹ̀ wá. Ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sókè ìkọ́ wọn. Pàtì! Ojú ọmọ kan. Pàtì! Ojú ọmọ mìíràn.

Gbogbo ìkọ́ ló ti lójú. Ti Jẹ́jẹ́ nìkan ni ò tíì ní.

Ọmọ kan wà tó máa ń gbé báàgì méjì wá. Ó wo ìkọ́ náà. "Èyí ò lẹ́ni," ló wí. Ó sì fi báàgì ẹ̀ kejì kọ́ ọ.

Báàgì Jẹ́jẹ́ wà nílẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Tàpá! Ẹsẹ̀ kan. Tàpá! Ẹsẹ̀ kejì.

Jẹ́jẹ́ ń ṣeré, ó ń wo báàgì. Jẹ́jẹ́ ń kọrin, ó ń wo báàgì. Jẹ́jẹ́ ń jẹun, ó ń wo báàgì. Ọrùn ti ń dùn ún.

"Àǹtí ní ọ̀la ni òun máa kó gọ́ọ̀mù kúrò nílẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀.

Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ onífọ́tò, kò ní fọ́tò!"

Kì í ṣe pé Bàbá ò gbìyànjú o. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ Ajé. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbìyànjú lánàá.

Lónìí náà, ó tún gbìyànjú.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Gbé àgbọ̀n sókè. Sọ èjìká kalẹ̀. Má mira. Má ṣẹ́jú!"

Bàbá gbé kámẹ́rà ńlá sójú.

"Ení... èjì... ẹ̀ta!"

Pàà! Iná kọ yàà.

Bàbá wo fọ́tò náà. Ojú Jẹ́jẹ́ ti padé pinpin.

"A tún un ṣe. Jẹ́jẹ́, lajú! Ení... èjì... ẹ̀ta!"

Pàà!

Pinpin.

"Jẹ́jẹ́, lajú, jọ̀ọ́! Ení... èjì... ẹ̀ta!"

Pàà!

Pinpin.

Bàbá nu ojú. "Ogún ọdún ni mo ti ń ya fọ́tò," ló wí. "Mo ya ọmọ ọwọ́ tó ń ké. Mo ya ajá tó ń sáré. Mo ya ọkọ ìyàwó tó ń sùn lórí ìdúró. Ọmọ tèmi nìkan ni mi ò rí yà!"

Màmá Àgbà yọjú. "Ṣé kí n bá a fi òwú so ìpéǹpéjú ẹ̀ mọ́ iwájú orí ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo kàn bèèrè ni o."

Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Àyà ẹ̀ ń lù kìkì, kìkì, kìkì. Ó fẹ́ lajú. Ó fẹ́ lajú gan-an ni. Ojú ló ń dá padé.

Bàbá gbé kámẹ́rà ńlá kalẹ̀. Ó mú àpò ìwé kan.

"Mo fẹ́ lọ fún onígbàjámọ̀ ní fọ́tò ẹ̀," ló wí. "Jẹ́jẹ́, jẹ́ ká jọ lọ. Atẹ́gùn á fẹ́ sí wa lára."

Ó fi kámẹ́rà kékeré kan kọ́ Jẹ́jẹ́ lọ́rùn. "Èyí ò níná. Kì í dún pàà. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o yà."

Wọ́n jáde. Wọ́n ń lọ. Bàbá ń rìn kíákíá. Jẹ́jẹ́ ń rìn jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ dúró!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀kán omi kan ń rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó ń gùn. Ó ń gùn sí i. Kò tíì já.

Jẹ́jẹ́ gbé kámẹ́rà kékeré. Kàṣá!

Tó! Omi náà já bọ́.

"Omi lo torí ẹ̀ dá mi dúró?" ni Bàbá bèèrè.

"Ó ti fẹ́ lọ ni," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn.

Wọ́n ń lọ. Wọ́n ń lọ.

"Bàbá, ẹ dúró!"

"Kí ló tún dé?"

Ológbò kan wà lórí ògiri. Ó na ẹsẹ̀ iwájú. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó la ẹnu gbàgà, ó yán.

Kàṣá!

"Bàbá, mo rí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀!"

"Ojú ẹ kú iṣẹ́," ni Bàbá wí. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti kó gbogbo irun jọ sójú kan. Ni atẹ́gùn bá dé. Fíì!

Irun fò lọ sọ́tùn-ún. Onígbàjámọ̀ sáré sọ́tùn-ún. Irun fò lọ sósì. Onígbàjámọ̀ sáré sósì. Ó ju ìgbálẹ̀ sókè, ó ń pariwo, "Ẹ padà wá! Mo ní kẹ́ ẹ padà wá!"

Kàṣá!

Onígbàjámọ̀ yíjú. "Háà! Ṣé wọ́n ń yà mí ni? Dúró, dúró, jẹ́ n múra!"

Ó nu ojú. Ó de bọ́tìnnì. Ó na ọrùn. Ó wá dúró gbagidi bí òpó iná.

Jẹ́jẹ́ wò ó. "Mo ti yà yín tán, sà," ló wí.

Ó fi fọ́tò náà hàn án lẹ́yìn kámẹ́rà. Onígbàjámọ̀ wò ó. Ó tún un wò. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi rèé! Èmi gan-an nìyí! Ẹ wo ẹnu mi bí ẹnu àpò!"

Bàbá mú fọ́tò tí òun náà yà jáde látinú àpò ìwé. Nínú tiẹ̀, onígbàjámọ̀ jókòó sórí àpótí. Kò mira. Kò ṣẹ́jú.

Onígbàjámọ̀ gba fọ́tò bébà náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú kámẹ́rà.

"Onífọ́tò, má bínú sí mi o," ló wí. "Ọkùnrin inú tìẹ yìí, ó dà bí ẹni tó jẹ mí lówó. Ti ọmọ ẹ yìí ni mo jọ."

Bàbá họ orí.

Wọ́n ń darí bọ̀ wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá ò rìn kíákíá mọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" ló bi Jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́nì kankan. Mo kàn ń dúró ni."

Ni okùn bàtà Bàbá bá tú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dì í.

"Bàbá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Jẹ́jẹ́ gbé kámẹ́rà kékeré sójú.

Bàbá gbórí sókè. Ó rí ọwọ́ kékeré méjì. Ó rí kámẹ́rà dúdú kan. Kò rí ojú ọmọ ẹ̀ mọ́.

"Yéè!" ni Bàbá fi ṣeré. "Jẹ́jẹ́ mi dà? Kámẹ́rà ti gbé ọmọ mi mì!"

Jẹ́jẹ́ gbé kámẹ́rà kúrò lójú kíá. Ó dúró. Ó ń rò ó.

"Bàbá," ló wí, "bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín."

"Tèmi báwo?"

"Tẹ́ ẹ bá ti gbé kámẹ́rà ńlá sójú, mi ò rí yín mọ́. Ojú dúdú ńlá kan ni mo máa ń rí. Kì í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣẹ́jú. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí."

Bàbá ò di okùn bàtà mọ́. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n má mira."

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó fà á mọ́ra. "Má bínú," ló wí. "Má bínú, ìyá mi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?" ni Bàbá bèèrè.

Jẹ́jẹ́ ti mọ̀.

"Ẹ gbé kámẹ́rà síbi ikùn," ló wí. "Kí n máa rí yín."

"Síbi ikùn? Onífọ́tò kì í yà á báyẹn! Jẹ́jẹ́, ikùn ò lójú."

"Ẹ dán an wò."

Bàbá wo ọ̀tún. Bàbá wo òsì. Kò fẹ́ kí onífọ́tò kankan rí òun. Ó wá gba kámẹ́rà kékeré lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, ó gbé e síbi ikùn.

"Ení..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má kà á, Bàbá."

"Ó dáa. Mi ò kà á mọ́."

Kàṣá!

Wọ́n wò ó. Bàtà ni. Bàtà Jẹ́jẹ́ méjèèjì, àti kòkòrò kan.

"A tún un ṣe," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Kàṣá!

Wọ́n wò ó. Ojú ọ̀run ni. Irun Jẹ́jẹ́ díẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Bàbá gbé ojú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ìkùukùu," ló wí, "ṣé ẹ̀yin náà ní ìkọ́ nílé-ìwé?"

Kí Jẹ́jẹ́ tó mọ̀, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kìì-kìì-kìì! Ó wo ojú Bàbá. Bàbá wo ojú ẹ̀.

Kàṣá!

Wọn ò wo èyí. Ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì.

"Ká wò ó nílé," ni Bàbá wí.

"Ká wò ó nílé," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Wọ́n délé. Bàbá tan ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò. Màmá Àgbà sún mọ́ wọn. Jẹ́jẹ́ di aṣọ Màmá Àgbà mú.

Gìrì... gìrì... gìrì...

Bébà ń jáde díẹ̀díẹ̀. Irun kọ́kọ́ jáde.

Gìrì... gìrì...

Iwájú orí jáde.

Gìrì...

Jẹ́jẹ́ ò mí. Bàbá ò mí. Màmá Àgbà náà ò mí.

Ojú jáde.

Ojú kan, ó là. Ojú kejì, ó là. Ojú méjèèjì là rekete!

"Hùùùù!" ni gbogbo wọn mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbà mí!" ni Màmá Àgbà pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. "Ọmọ mi lójú! Ọmọ mi lójú méjì!"

Bàbá jókòó sórí àpótí bí ẹni tó ru igi bọ̀ látọ̀nà jíjìn. Jẹ́jẹ́ gun itan ẹ̀. Àyà Jẹ́jẹ́ ò lù kìkì mọ́. Ó ti balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ mú fọ́tò náà lọ fún Àǹtí.

Àǹtí wò ó. Ó wo àwọn fọ́tò tó kù lára ògiri. Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ti Jẹ́jẹ́ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Irun ẹ̀ kan dìde sókè.

"Jẹ́jẹ́, ta lò ń wò báyìí tínú ẹ dùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi ni, mà."

Àǹtí ṣí gọ́ọ̀mù.

Pàtì!

Ọmọ tó ní báàgì méjì wò ó. "Ṣé ìwọ lo ni ìkọ́ yìí ni?"

"Èmi ni," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó sọ ọ́ sókè. Gbogbo kíláàsì gbọ́.

"Ó dáa. Mi ò mọ̀ ni." Ọmọ náà sì gbé báàgì ẹ̀ kejì kúrò.

Jẹ́jẹ́ gbọn eruku nù lára báàgì tiẹ̀. Ó nà gùn-ún, ó fi í kọ́.

Agogo lù. Gbangan, gbangan! Eré ti yá.

Jẹ́jẹ́ sáré jáde. Ó ń sá lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò bojú wẹ̀yìn.