Ọ̀rọ̀ Tí Hàwáù Onídìrí Sọ Sétí Helen

Ọjọ́ Àìkú ni Helen kú, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù. Obìnrin tó jẹ pupuru lálẹ́, tó bá ọkọ rẹ̀ ṣàwàdà, tó ní òun ò ní pẹ́ jí nítorí ìdúpẹ́ ìkórè. Ilẹ̀ mọ́, ó ń gbọ̀n. Ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè. Kí Benedict ọkọ rẹ̀ tó rí ọkọ̀ tó máa gbé e dé Òkìtìpupa, ó ti dákẹ́. Kò sí ibà, kò sí ejò, kò sí ìjà. Òwú dúdú tí wọ́n fi kó irun rẹ̀ ṣì ń dán lórí.

Ẹ mọ bí ẹnu ará Erínjẹ ti rí. Wọn ò tíì kó iyẹ̀pẹ̀ bo òkú tán tí wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló fọwọ́ kan orí rẹ̀ kẹ́yìn. Ìdáhùn ò jìnnà. Hàwáù ni.

Hàwáù yìí, opó Rùfáì tó ń ta aṣọ ni. Ọmọ Erínjẹ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Igbódìgò ni ìyá rẹ̀, mùsùlùmí ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Sìlífátù, wà nílé ọkọ ní Akótógbó. Kò sí irun tí kò lè dì, ṣùkú ni o, kòlẹ́sẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n irun tó ká kókó, tó le, tó ń ṣẹ́ eyín òòyà, ìyẹn gan-an ni tirẹ̀. Irú ẹ̀ ni irun Helen. Ó pọ̀, ó ká, ó dì mọ́ra. Ẹyẹ wọ inú rẹ̀ á ṣìnà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ, àwọn kan ní kó fá a, àwọn kan ní kó fi irin gbígbóná jó o kó lè nà bíi ti àwọn obìnrin Sàpẹ́lẹ̀. Hàwáù ní irọ́ ni.

“Irun tó ká ò ṣẹ ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Ẹ̀yin lẹ ń bá a jà.”

Á fi omi rin ín, á fi àdín àgbọn pa á, á pín in sọ́nà mẹ́rin. Á wá mú òòyà, ṣóńṣó irun ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ìdí. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló ń wá. Ọwọ́ Hàwáù ò pa Helen lẹ́kún rí.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, ló kó irun náà. Obìnrin mẹ́ta jókòó, wọ́n ń dúró de ti wọn. Nígbà tí Hàwáù dé àárín àtàrí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ̀ba, ó sọ ohun kan sí Helen létí. Ojú Helen yí padà. Ó ní, “Ẹ ṣé, ìyá Sìlífátù.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi kó irun náà tán. Ìyẹn ni àwọn mẹ́ta yẹn rí, ìyẹn náà ni wọ́n gbé kiri ìlú nígbà tí Helen kú.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Aníwúrà, ìyá Benedict, dé ẹnu ọ̀nà Hàwáù pẹ̀lú aṣọ dúdú lára.

“Kí lo sọ sétí ìyàwó mi?”

“Yèyé, ẹ kú ìrọ́jú.”

“N ò wá gba ìkíni. Kí lo sọ?”

“Ọ̀rọ̀ orí ni. Èmi àti ẹni tó lorí la ni ín.”

“Ẹni tó lorí ti wà nínú ilẹ̀.”

“Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní sọ ọ́.”

“Irun tí ò ń yà kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ, níbo lò ń kó o sí?”

“Olúkúlùkù ló ń kó tiẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀yin náà ń kó tiyín. Ilé mi rèé, ẹ wọlé. Bẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán kan tí kì í ṣe tèmi, ẹ wá bi mí.”

“Àjẹ́ ò nílò kó tọ́jú irun sínú ilé.”

“Ṣebí ẹ mọ̀ nípa wọn jù mí lọ. Kí lẹ wá ń bi mí sí?”

Aníwúrà tutọ́ sílẹ̀, ó lọ. Hàwáù jókòó sórí àpótí ìdìrí. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ò bà á. Ohun tó sọ sétí Helen ò ju báyìí lọ: “Ọma mi, iná wà lórí rẹ. Wá lọ́jọ́ Ajé, èmi nìkan ni n ó wà nílé, a ó jọ ṣà á.” Iná orí lásán, kòkòrò inú irun. Ṣùgbọ́n onídìrí tó mọṣẹ́ kì í sọ ohun tó bá rí lórí ènìyàn, ìbáà ṣe egbò, ìbáà ṣe àpá, ìbáà ṣe iná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Helen fi ọmọbìnrin sílẹ̀, Dora, ọmọ ọdún mẹ́fà, irun bíi ti ìyá rẹ̀. Bí Hàwáù bá lanu, orin ọmọ ọ̀bùn ni àwọn ẹgbẹ́ máa kọ sin ọmọ náà délé ọkọ. Hàwáù ní òun ò ní ṣe é. Kí wọ́n kúkú pe òun ní àjẹ́.

Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ Àlàmú fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á gbé e yẹ̀ wò. Bí kò bá sọ ọ́, Olúsọjí onígbàjámọ̀ á fá orí rẹ̀ kodoro níṣojú gbogbo ìlú, Hàwáù á sì di ẹrù rẹ̀ kúrò ní Erínjẹ. Títí ọjọ́ náà á fi pé, obìnrin kankan ò gbọ́dọ̀ gbé orí fún un.

Ó rọrùn lẹ́nu ọkùnrin. Ọjọ́ mẹ́ta péré, irun ti wú lórí àwọn obìnrin. Ọ̀kan ní kí àbúrò òun bá òun dì í, ó fi iwájú orí wíwú jáde. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ nìyẹn, ní ọ̀sán, lẹ́yìn odi níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Wọ́n á ní àwọn ń lọ wo epo, Hàwáù á sì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú òòyà rẹ̀. Àkànkẹ́, ìyàwó Baálẹ̀ gan-an, ló kọ́kọ́ dé.

“Ìyá Sìlífátù, ẹ yára, kí ọkọ mi tó wá mi.”

“Ọkọ rẹ tó ní àjẹ́ ni mí?”

“Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Orí mi ò sí níbẹ̀.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Olúsọjí gbọ́ bó ṣe ń bọ̀ láti ibi tó dẹ pàkúté sí. Ó ya ewé wò. Àwọn obìnrin gbọ́ pé igi ṣẹ́, oníkálukú gba inú igbó lọ. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ibẹ̀ náà sì fò. Nígbà tí Olúsọjí fi máa délé, ọ̀rọ̀ ti di pé obìnrin méje ló wọ igbó, ẹyẹ méje ló jáde. Ọkùnrin náà ní òun kà wọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Ìlú pé síwájú ilé Baálẹ̀. Olúsọjí ń pọ́n abẹ.

“Hàwáù,” Baálẹ̀ wí, “ọ̀rọ̀ wo lo sọ sétí olóògbé?”

“Bàbá, ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Mo tún bi ọ́.”

“Mo tún kọ̀.”

“Wọ́n rí ìpàdé yín. Obìnrin méje, ẹyẹ méje.”

Hàwáù wo ibi tí Àkànkẹ́ jókòó sí. Àkànkẹ́ dojú bolẹ̀. Hàwáù yí sí onígbàjámọ̀. “Olúsọjí, àwọn ẹyẹ tó o rí yẹn, ṣùkú ni wọ́n dì ni àbí kòlẹ́sẹ̀?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Olúsọjí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Hàwáù tú gèlè rẹ̀ fúnra rẹ̀. “Ó yá, fá a. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó o bá gé, kó o kó o fún mi. N ò ní fi irun mi sílẹ̀ fún ìlú tó ń ka ẹ̀gà.”

Abẹ kò tíì kan orí rẹ̀ tí igbe fi ta láti ilé Benedict. Benedict sáré jáde, Dora wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ìyá rẹ̀ ṣe gbọ̀n, ìfófòó funfun lẹ́nu. Aṣọ ni wọ́n fi so orí ọmọ náà pinpin. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, Hàwáù ti dé ibẹ̀.

Aníwúrà dí i lọ́nà. “Má fọwọ́ kan án. O ti jẹ ọ̀kan.”

“Yèyé, ẹ pa mí tó bá yá. Ẹ kúrò lọ́nà ná.”

Ó tú aṣọ orí ọmọ náà. Òórùn gbá a nímú, omi dà lójú rẹ̀. Oògùn kòkó. Àsìkò tí wọ́n ń fín kòkó ni, inú ilé ni Benedict ń gbé agolo rẹ̀ sí, gbogbo ilé náà ló ń rùn ún débi pé imú kò kà á sí mọ́. Ṣùgbọ́n èyí, inú irun ló wà, ó ń ṣàn.

“Kí lẹ fi sí i lórí?”

“Iná ló ń jẹ ẹ́,” Aníwúrà wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Èrò máa pọ̀ lónìí, n ò fẹ́ kí wọ́n rí i kó máa họra. Oògùn kòkó yẹn náà ni. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Èmi gan-an ń lò ó.”

“Ẹ ò fi omi là á?”

“Mo máa ń fi omi la tèmi. Irun tiwọn ló nípọn, èyí tí wọ́n bá là kì í dé ìdí rẹ̀.”

“Tiwọn?” Hàwáù wí. “Ta ni àti ta ni, Yèyé?”

“Mo fi sí ti Helen náà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ìdúpẹ́ ìkórè,” Aníwúrà wí. Benedict wo ìyá rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ n fá a kíá,” Olúsọjí wí.

“Abẹ á bẹ́ awọ. Ṣé o fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún oró ni? Ẹ gbé omi wá, omi tútù, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi òróró kàn án. Òróró á fà á wọ awọ.”

Ó gbé ọmọ náà lé itan. Irun tó dì mọ́ra yẹn, ibẹ̀ gan-an ni oró sá sí. Ó pín in, ó tẹ ọṣẹ bọ inú rẹ̀, ó ṣàn án, ó tún pín in. Kò fà á. Ibi tó ká, ó fi ìka tú u, ó da omi sí i, ó lọ sí èkejì. Ẹ̀ẹ̀meje ló fọ orí náà. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó èkùrọ́ fi máa dé, ìfófòó ti dáwọ́ dúró. Hàwáù wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú wọn, láìwé gèlè, ó ń da omi sórí ọmọ náà títí wọ́n fi dé ọsibítù ní Òkìtìpupa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dora lò níbẹ̀. Dókítà bi Benedict pé ta ló fọ orí ọmọ yìí. Ó ní bí oògùn náà bá wà níbẹ̀ di ọ̀sán, òkú ni wọn ì bá gbé wá.

Wọ́n padà dé. Ẹ óò rò pé ìlú máa lọ bẹ Hàwáù. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún pé síwájú ilé Baálẹ̀, inú wọn ń ru, nítorí pé wọ́n ti rí àjẹ́ mìíràn.

“Ó ti hàn,” Baálẹ̀ wí. “Aníwúrà ló jẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó tún fẹ́ jẹ ọmọ ọmọ. Olúsọjí.”

Aníwúrà ti kúnlẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní gbangba, irun funfun, ó ká jọ. “Ẹ fá a,” ló wí. “Ọwọ́ mi ni.”

Hàwáù la àárín èrò, ó wá dúró síwájú rẹ̀.

“Bàbá, lọ́jọ́sí èmi ni àjẹ́. Lónìí òun ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Yèyé ṣe ohun tó pa ènìyàn. Ìtìjú ló ṣe é, ìkà kọ́. Yóò máa gbé e kiri títí tó fi máa kú, ìyẹn sì tó. Ẹ ní kí n jẹ́ àjẹ́, mo kọ̀. Ẹ ní kí òun jẹ́ ẹ, mo tún kọ̀. Kò sẹ́ni tó máa fá orí yìí níṣojú mi.”

“Ta ló fún ọ láṣẹ?”

“Ta ló fún yín láṣẹ láti fá tèmi?”

Benedict gbé àpótí kan, ó gbé e síwájú Hàwáù, ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó mú un jókòó lé e. Kò bá a sọ̀rọ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́fà kó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé àpótí náà.

Àkànkẹ́ ló dìde tẹ̀ lé e. Ó tú gèlè rẹ̀.

“Bàbá ilé, iná wà lórí tèmi náà. Bí ẹni tó níná bá jẹ́ àjẹ́, ẹ ti ń bá àjẹ́ sùn láti ọdún Àjíǹde. Mo sì tún wà nínú ẹyẹ méje Olúsọjí.”

Ẹ̀rín ta. Obìnrin mìíràn tú gèlè, òmíràn tún tú tirẹ̀. Wọ́n gbé àpótí wá látilé, àwọn tí kò rí àpótí jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Méje kọjá, ogún kọjá, Hàwáù ò kà wọ́n. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ìka bọ inú irun Aníwúrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

“Olúsọjí,” ó ní, “gbé abẹ yẹn kúrò lójú mi. Omi la nílò.”

Olúsọjí wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ ń wo ilẹ̀. Olúsọjí ti abẹ bọ àpò, ó gbé korobá méjì, ó kọrí sódò.